Ó Já Ọ̀rọ̀ Gbà Mọ́ Mi Lẹ́nu

Òórùn ṣúgà tó fẹ́ jóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lọ́nà ilé iṣẹ́ bisikíìtì tí mo ti ṣiṣẹ́ rí n'Ìkẹjà. Láti Ìfàkọ̀ ni mo ti ń wá, kí n sì tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ni òórùn yẹn ti máa ń rán mi létí ọkùnrin kan, á sì ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A jọ ń bójú tó ààrò ńlá kan náà ni. Ipò kan náà la wà, àmọ́ ó kàwé jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Kì í bú mi o. Ì bá tiẹ̀ sàn kó máa bú mi. Níbi ìpàdé àárọ̀, bí mo bá ti lanu bá máníjà sọ̀rọ̀, á gbọ́wọ́ lé mi léjìká, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ jẹ́ n bá a sọ ọ́, sà." Á wá tún gbogbo ọ̀rọ̀ mi sọ, bí ìyá tó ń bá ọmọ rún ẹran. Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò dán tó tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yé máníjà. Ọdún méjì gbáko ni mo fi fara dà á. Nígbà tó yá, mi ò bínú mọ́. Ṣe ni mo kàn dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé bẹ́líìtì tó ń gbé bisikíìtì jáde nínú ààrò ti ń wọ́ sápá kan, etí rẹ̀ sì ti ń ya. Ó yẹ kí wọ́n dá ẹ̀rọ náà dúró. Mo dé ìpàdé, mo wo ọ̀rẹ́ wa tó ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, mo ní lọ́kàn mi pé kí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ lọ rí i fúnra rẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Kó tó di ọ̀sán, bẹ́líìtì já, ó sì wọ́ ọwọ́ ọ̀tún màmá kan tó ń to bisikíìtì, ó fà á wọ inú irin ẹ̀rọ. Obìnrin àgbà tó ń ti Abúlé Ẹ̀gbá wá ni, tó máa ń ṣàdúrà fún gbogbo wa láràárọ̀. Ìka mẹ́ta ló bá a lọ.

Máníjà pè wá, ó bi mí bóyá mo ti rí àmì kankan tẹ́lẹ̀. Kí n tó lanu, ọwọ́ ti wà léjìká mi.

"Kò lè mọ̀, sà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í tètè yé e."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú mi dùn pé ó bá mi sọ ọ̀rọ̀ mi. Mo tẹ orí ba, mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí.

Nígbà tí ọwọ́ màmá jinná, wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà kó máa pín fìlà tí a fi ń bo irun. Láràárọ̀, á na tèmi sí mi, á ní, "Má bínú, ọmọ mi, ọwọ́ òsì ni mo fi fún ẹ o." Màá ní kò séwu, mà, màá sì yára wọlé. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó fibẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò bẹ̀ mí. Èmi àti òun nìkan la máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Kò sẹ́ni tó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu níbẹ̀, síbẹ̀ mi ò sọ ọ́.