Ìpàdé Tó Ń Mi Àga

Bí ẹ bá bọ Ìyá Gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ọwọ́ yín á lẹ̀ mọ́ tirẹ̀ díẹ̀ kó tó já. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń fi gọ́ọ̀mù so ẹsẹ̀ àga mọ́ ìjókòó ní ilé iṣẹ́ káfíńtà kan tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ, bí a bá yọ ọ̀gá sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù ti di èékánná kejì fún un. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé òun kò bẹ̀rù kí ìyàwó òun kọ òun sílẹ̀: "Bó bá fẹ́ jáde gan-an, ọwọ́ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn."

Iṣẹ́ rẹ̀ ní òfin. Láago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì kun gọ́ọ̀mù, á fi okùn di àga náà pinpin, á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tó ṣe é sí abẹ́ ìjókòó. Lẹ́yìn wákàtí kan, á tú okùn, torí okùn kò pọ̀, àga mìíràn sì ń dúró dè é. Gọ́ọ̀mù á ti gbẹ lójú nígbà náà, àmọ́ inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Ó di ọ̀sán kó tó le dé ìdí. Ìyá Gọ́ọ̀mù mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ bá a rántí rẹ̀ o, torí òun fúnra rẹ̀ gbàgbé.

Ohun tó mú un gbàgbé ni ìpàdé ọjọ́ Ajé. Láyé ìjọ́sí, ìpàdé yẹn kò ju ká kí ara wa, ká pín iṣẹ́, ká túká. Àfi ìgbà tí ọ̀gá lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá, tó padà dé, tó ní ìpàdé gidi gbọ́dọ̀ ní ìjókòó, kí olúkúlùkù sì sọ tẹnu rẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń to àga sí kó lè gbẹ nìkan ló gba gbogbo wọn. Tó bá ti di aago mẹ́jọ, kálukú á fa àga tó bá sún mọ́ ọn, á jókòó lé e. Ọ̀gá nìkan ló ń gbé àga onítìmùtìmù tirẹ̀ wá láti ọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án, wákàtí méjì méjì: wákàtí méjìdínlógún nìyẹn. Wákàtí mẹ́ta sì ni àga kan ń gbà láti ibi pákó dé ibi ọ̀dà. Àga mẹ́fà ni ìpàdé ń jẹ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kì í sì í nu ẹnu.

Ẹni tó ń bu òkèlè tó tóbi jù níbẹ̀ ni káfíńtà àgbà, Bàbá Kókó-Kan. Bó bá ti dìde, tó ní, "Ọ̀gá, kókó kan péré ni mo ní," awakọ̀ tó ń kó àga ránṣẹ́ á fẹ̀yìn ti àga sórí ẹsẹ̀ méjì, á dijú. Kókó kan yẹn lọ́mọ, ó sì ní ọmọ-ọmọ. Á bẹ̀rẹ̀ látorí ìṣó, á yà sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà èwe, á kan orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó, ilẹ̀ á sì ti ṣú mọ́ ìṣó náà. Àwọn yòókù á máa yí ìdí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó jókòó lé èèrà.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá wọlé ìpàdé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kò dára.

"Ilé ìwé dá àga padà. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Wọ́n ní ó ń mì. Tíṣà kan jókòó sórí ọ̀kan, ó bá ara rẹ̀ nílẹ̀ lójú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀."

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wò ó, awakọ̀ gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ìyá, gọ́ọ̀mù yín ni."

"Gọ́ọ̀mù tèmi kẹ̀, ọ̀gá?"

"Pákó kì í tú ara rẹ̀. Ọgọ́ta àga la máa kó fún wọn ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹyọ kan bá mì nínú rẹ̀, màá gba búrọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́wọ́ yín, màá fún yín ní ìgbálẹ̀. Ẹ má bínú sí mi."

Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi jíròrò lórí àga tó ń mì. Bàbá Kókó-Kan ní kókó kan. Ìyá Gọ́ọ̀mù kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ló ń rí lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún, kó wá di ẹni tó ń gbá lẹ́búlẹ́bú pákó kiri!

Lọ́sàn-án, wọ́n já àwọn àga tí ilé ìwé dá padà sílẹ̀. Ìyá Gọ́ọ̀mù dojú wọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ohun tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ. Ajé. Ajé. Ajé. Gbogbo wọn pátá, Ajé. Ọjọ́ Ajé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ àga méjìlá ló ń lẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ṣé gọ́ọ̀mù mọ̀wé débi pé yóò mú mẹ́sàn-án, yóò fi mẹ́ta sílẹ̀?

Ibi tó ti ń ronú ni awakọ̀ ti wọlé. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀." Ó fa ọ̀kan nínú àwọn àga àárọ̀, ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì í sórí ẹsẹ̀ méjì. Àga dún: kẹ̀ẹ́.

"Dìde!"

Awakọ̀ fò sókè. "Kí ló dé? Ṣé ejò ni?"

"Ejò kọ́, ìdí rẹ ni!"

Ìyá Gọ́ọ̀mù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹ̀yìn ìyẹn lojú wá tì í. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, òun sì ni ìkẹsàn-án. Òun tó mọ gọ́ọ̀mù jù wọ́n lọ pẹ̀lú ń fẹ̀yìn ti àga, ó ń yídìí, torí ìpàdé ti sú u. Ó lọ pe ọ̀gá.

"Ẹ wo abẹ́ wọn, ọ̀gá. Ọjọ́ Ajé ni gbogbo wọn."

"Ṣé ọjọ́ Ajé ni gọ́ọ̀mù yín máa ń ṣàìsàn ni?"

"Ọjọ́ Ajé la máa ń jókòó lé e. Mẹ́sàn-án ló ń bàjẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ kà wá wò."

Ọ̀gá fi ìka ka àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kàn, ó dé orí mẹ́sàn-án. "Ẹ̀yin náà jókòó?"

"Mo jókòó, sà. Tèmi gan-an ló mì jù."

Ọ̀gá fọwọ́ họ orí. "Ìpàdé ṣáà gbọ́dọ̀ wà."

"Á wà. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe é lórí ìdúró, nídìí tábìlì mi. Màá kun gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí pákó pẹlẹbẹ kan. Bí kò bá ti lẹ̀ mọ́ mi níka mọ́, ìpàdé ti parí. Kò lè ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ. Ká gbìyànjú ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan o," ni ọ̀gá wí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Gọ́ọ̀mù tú àga mẹ́sàn-án tí wọ́n jókòó lé láàárọ̀, tó tún wọn lẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé kejì pé, wọ́n dúró yí tábìlì ká. Ìyá Gọ́ọ̀mù kun gọ́ọ̀mù sórí pákó. Kálukú sọ iṣẹ́ tó máa ṣe lọ́jọ́ náà àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́, ó sì fún ẹlòmíràn láyè. Ó kan Bàbá Kókó-Kan.

"Ọ̀gá, kókó kan péré ni mo ní. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi…"

Ìyá Gọ́ọ̀mù fi ìka kan pákó. "Bàbá, ó ti ń dì o."

"Ẹ dúró ná! Ọ̀gá mi yẹn…"

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dì tán!"

"Ìṣó kékeré ti tán!" ni bàbá kígbe. "Ó tán! Ó ti tán!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni bàbá yìí ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìṣó bọ̀, tí kò tíì bá a débẹ̀ rí. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, ìṣó ti dé, àwọn àga àárọ̀ sì wà ní ìdúró wọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n kó ọgọ́ta àga lọ. Ìyá Gọ́ọ̀mù kò lè jẹun ọ̀sán. Ó ń kun pákó tí kò nílò gọ́ọ̀mù, títí ó fi gbọ́ fèrè ọkọ̀.

"Ìyá mi!" Awakọ̀ ò tíì pa ẹ́ńjìnnì tó fi ń pariwo. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mì wọ́n o! Tíṣà tó ṣubú yẹn ò gbà láti jókòó, àfi ìgbà tí ọ̀gá wọn kọ́kọ́ jókòó!"

"Èwo ló mì?"

"Tíṣà nìkan ló ń mì!"

Ọ̀gá wá síbi tábìlì, ó wo búrọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ Ìyá Gọ́ọ̀mù. Irun búrọ́ọ̀ṣì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. "Ìyá, ẹ ra tuntun."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, búrọ́ọ̀ṣì tuntun ni wọ́n fi kun pákó. Gbogbo wọn ti sọ tiwọn, ó wá ku ọ̀gá. Ó túra ká. "Níbi tí mo ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ níjọ́sí, wọ́n fi yé wa pé…"

Ìyá Gọ́ọ̀mù fi ìka kan pákó, ó wojú rẹ̀. "Ọ̀gá, ó ti dì."

Ọ̀gá wo pákó, ó wo obìnrin náà, ó sì gbé ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló ní, ó yíjú sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìyá Gọ́ọ̀mù ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú gọ́ọ̀mù kí ọ̀gá tó rìn dé ẹnu ọ̀nà.