Ta Ló Fi Àárín Gọ́tà Sílẹ̀?

Ìyá Gọ́tà ti kú. Òjò rọ̀, omi ya wọ ilé oníbàtà àdúgbò wa, Ìyá Gọ́tà sì wọ inú omi lọ gbé ìyá oníbàtà tí kò lè dìde rìn mọ́. Ó gbé arúgbó náà gba ojú fèrèsé fún ọmọ rẹ̀. Kí òun náà tó jáde, ògiri wó lù ú.

Ẹ má jẹ́ kí ìnagijẹ yẹn tàn yín jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní yunifásítì. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà kó má bẹ̀rẹ̀ wò ó. Oníbàtà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé wúrà yín ló bọ́ síbẹ̀ ni?" Òun náà á ní, "Wúrà kọ́. Ẹ̀mí ìyá ẹ ni mò ń ṣọ́." Wọ́n á jọ bú sẹ́rìn-ín.

Kí ló ń ṣọ́ gan-an? Yunifásítì àti ìjọba ìlú jọ tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á mú ìlú dàgbà láìba ọ̀la àwọn ọmọ wa jẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n sì sọ̀yà náà dáadáa. Gọ́tà ńlá ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Yunifásítì gbẹ́ tirẹ̀ láti orí òkè wá, ó dúró níbi tí ilẹ̀ rẹ̀ pin sí. Ìjọba ìlú gbẹ́ tirẹ̀ láti etí odò bọ̀, ó ní ibi tí agbára òun mọ nìyẹn. Iwájú ilé oníbàtà àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló kù láàárín. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Gíwá yunifásítì gé ríbọ́ọ̀nù lókè, alága ìlú gé tirẹ̀ nísàlẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ayàwòrán tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin aláṣẹ, omi tí ẹ kó jọ láti orí òkè, ibo lẹ ní kó gbà? Ṣé kó kan ilẹ̀kùn, kó tọrọ àyè ni?

Ìyá Gọ́tà pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ bá ìjọba. Akọ̀wé ìjọba ní, "Màmá, àwọn èèyàn yín ló ya àwòrán ẹ̀. Ẹ lọ bá wọn." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbá a bíi bọ́ọ̀lù.

Níbi ìsìnkú, gíwá ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Irọ́ ni! Ẹ̀yin lẹ la ọ̀nà fún òjò yìí dé ẹnu ilẹ̀kùn arúgbó. Alága ìlú wá kéde pé wọn yóò fi orúkọ olóògbé sọ gọ́tà náà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún.

Ọmọbìnrin Ìyá Gọ́tà kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Ẹ ṣé o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú ẹ̀ ni? Ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?"



Oníbàtà àti ìyá rẹ̀ ti padà sínú yàrá tó ṣẹ́kù, torí wọn ò ní ibòmíràn, òjò mìíràn sì ti ń ṣú. Èmi ò bèèrè ère ìrántí fún Ìyá Gọ́tà. Kí gíwá àti alága jáde síta, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ní kí iṣẹ́ dúró lókè àti ẹni tó ní kó dúró nísàlẹ̀, kí àwọn yẹn wá jẹ́jọ́ ẹ̀mí tó lọ. Kí gíwá àti alága sì mú ṣọ́bìrì dání. Abẹ́ ògiri tó pa á ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àárín tó kù.