Ọjọ́ tí Ìbọn Fò Sókè Lọ́wọ́ Òjó

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó ni ẹ̀mí wa. Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí èmi, bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi Òjó lọ ṣọdẹ lẹ́bàá ọ̀nà Ìyìn.

Òjó ti ní kí alágbẹ̀dẹ gé ẹnu ṣakabùlà, ìbọn ìṣọdẹ òun, kúrú, nítorí pé ó wúwo jù. Bàbá fi ṣe ẹlẹ́yà.

“Ìbọn lo fẹ́ ni, àbí abẹ̀bẹ̀? Ìwúwo yẹn ló ń mú un dúró sójú kan.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí èjìká mi sinmi.”

Bàbá gun àpáta lọ láti lé ẹran wá bá wa. Ẹtu kan bẹ́ jáde nísàlẹ̀, Òjó sì yìnbọn. Ìbọn náà fò sókè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹtu sá lọ, ṣùgbọ́n a gbọ́ igbe Bàbá lórí àpáta.

A bá a ní ìjókòó, ó ń wo fìlà rẹ̀ tí ọta ti lu. Orí rẹ̀ kò ní egbò kankan.

“Òjó,” ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, “gbé e padà fún alágbẹ̀dẹ, kó bá ọ so èyí tó gé mọ́ ọn.”

Òjó dọ̀bálẹ̀ lórí àpáta náà, ó ń sunkún, kò sì lè dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, Olúwa kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣe ẹni yín léṣe.