Géètì Tí Bàbá Mi Kò Lè Wọ̀ Lọ́jọ́ Ìdìbò

Títí mo fi máa kú, n kò lè gbàgbé ọjọ́ ìdìbò tí èmi àti bàbá mi fẹsẹ̀ rìn láti Ajah dé Ìkátẹ.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́ ilé nínú ẹ̀sítéètì kan ní Ìkátẹ, wọ́n sì mọ odi tó yí i ká. Ibi iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń sùn nígbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Nígbà tí a kó lọ sí Ajah, orúkọ wọn kò bá wa kó.

Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn lọ́jọ́ ìdìbò, la bá gba ojú márosẹ̀ tó dá páropáro. Ẹni tó ṣèlérí omi ẹ̀rọ fún àdúgbò wa ni bàbá mi fẹ́ dìbò fún.

Nígbà tí a dé géètì ẹ̀sítéètì náà, máígádì dá wa dúró. "Bàbá, ta lẹ wá bá? Kóòdù ìwọlé tí onílé fún yín ńkọ́?"

"Ìbò ni mo wá dì. Orúkọ mi wà nínú lọ́hùn-ún."

"Ẹ má bínú, sà. Tí mo bá ṣí i, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

Láàárín irin géètì, à ń wo àwọn elétò ìdìbò. Kò sẹ́ni tó tò síwájú wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ ń sùn. Àwọn onílé jókòó sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn, wọ́n ń wò wá. Bàbá mi na káàdì ìdìbò wọn sókè, wọ́n pariwo títí ohùn wọn fi há. Ojú wa ni àwọn elétò ìdìbò ṣe palẹ̀ àpótí ìbò mọ́.

Nígbà tí à ń padà lọ, bàbá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá tí mọ odi yẹn ga tó bẹ́ẹ̀."