Nọ́ọ̀tì Tí Sàlímọ́tù Dè Le

Ọdún kọkànlá rèé tí Sàlímọ́tù Bàrúwà, ọmọ Ìmaṣàyí, ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìláròó. Òun ló ń fọ ife, òun ló ń tan ààrò. Nígbà tí Dókítà Fágbénró, ọ̀gá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí kírísítà, òun náà ló ń da omi kẹ́míkà sórí wàláà sílíkọ́nì kékeré, tó ń yan án títí omi náà yóò fi di awọ kírísítà tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ fíìfíì.

Bí iná mànàmáná bá kan awọ yìí, agbára iná inú rẹ̀ á kọjú síbì kan, ibẹ̀ ni yóò sì kọjú sí kódà tí wọ́n bá pa iná, àfi tí wọ́n bá fi iná mìíràn yí i padà. Agbára yẹn ni Sàlímọ́tù ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀n lánàá kì í bá tòní mu. Dókítà ní kò fara balẹ̀ ni, ó tiẹ̀ ti ń wá ẹlòmíràn tí yóò gbaṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Sàlímọ́tù ní akínyẹmí ara.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ṣèèṣì de nọ́ọ̀tì tó di wàláà mú le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Iye tó rí fò sókè. Ó tú u díẹ̀, iye náà wálẹ̀. Ó tún un dè, ó tún gòkè. Ó ṣe é nígbà ogún, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí i pé wàláà náà ń tẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́.

Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fọwọ́ ara yín dè é.”

Dókítà dè é, ó tú u. Ó wá ṣàlàyé pé bí wàláà àti awọ ṣe ń tutù láti inú ààrò, wàláà kì í sún kì tó awọ, ó sì ń na awọ náà. Nínà yẹn ló mú kí agbára rẹ̀ dùbúlẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì ṣe ń tẹ wàláà, awọ ń fún padà, agbára rẹ̀ sì ń dìde.

“Ìyá Husain,” ó fi orúkọ ọmọ Sàlímọ́tù pè é, “èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ má bínú.”

Sàlímọ́tù ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú ìwé ìwádìí náà.

Wọ́n wá wàláà irú mìíràn tó ń sún kì ju awọ lọ, tó sì ń fún un pọ̀. Méjì sán nínú ààrò. Ẹ̀kẹta ló dúró. Nígbà tí ìwé náà jáde, Sàlímọ́tù mú un lọ sí Ìmaṣàyí. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kó fi ibi tí wọ́n kọ Bàrúwà sí han òun, ó fìka lé e, kò sì tètè gbé e kúrò.