Ọ̀bẹ Olóògbé Nínú Àkọ̀ Awọ

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ ọdẹ ní àfonífojì Waitōhi, nílẹ̀ àwọn Màórì ní Niu Silandi, kò gbọdọ̀ rà á kí Wētini tó rí i. Wētini a gbé ọ̀bẹ náà lé àtẹ́lẹwọ́, a fi èékánná ta á, a sì tẹ́tí sí i bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ojú mi báyìí ló ṣe di ojú méjèèjì, tó fi imú lásán mọ ọ̀bẹ tí wọ́n ti fi gé àlùbọ́sà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

"Dá a padà sílé ìdáná," ló wí fún oní-nǹkan. "Tó o bá gbé eléyìí wọ igbó, ìmàdò á kọ́kọ́ fi ọ́ rẹ́rìn-ín kó tó pa ọ́."

Èyí tó bá máa wù ú kò gbọdọ̀ gùn ju láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín lọ, torí ọ̀bẹ gígùn a máa kọ́ igbó. Níbi ṣóńṣó, kó mú níhà méjèèjì. Èèkù rẹ̀, rọ́bà tó rí ṣákiṣàki, kí ẹ̀jẹ̀ má baà mú ọwọ́ yọ̀, kí irin ìdábùú sì wà láàárín èèkù àti ojú ọ̀bẹ tí yóò dá ìka dúró. Àkọ̀ rẹ̀, ike ni, tó ní ihò nídìí kí omi lè ṣàn jáde. Tó bá ti igbó dé, kó tó mu tíì rárá, á ti fi omi gbígbóná fọ ọ̀bẹ, á nù ún gbẹ, á fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa á lára, á sì gbé e kọ́ ní ìhòòhò. Kò sóhun tó kórìíra tó kí ọ̀bẹ máa sùn nínú awọ. Ó ní awọ ló ń mu omi, ọ̀bẹ ló ń gba àìsàn rẹ̀.

Ọkùnrin tó mọ gbogbo èyí ló há sínú ọ̀gbun lọ́jọ́ kan, tòun ti ìmàdò, pẹ̀lú ọ̀bẹ tí kò ṣeé yọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Tīpene, ló kú lọ́dún tó ṣáájú. Igi gẹdú ló wó lù ú. Àǹtí Mākere ló tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà. Obìnrin náà kò ga ju tábìlì lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lè dá ọkọ̀ agbégi dúró lórí òkè. Òun ló gbé ọ̀bẹ Tīpene kọ́ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀, tàkọ̀tàkọ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ọdún á fi yí po, tí wọ́n á ṣí aṣọ lójú òkúta ibojì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Màórì. Ọjọ́ ńlá lọjọ́ náà. Abúlé mẹ́ta ló máa wá jẹun, ẹran ìmàdò ni wọ́n sì máa bá nínú àdìrò abẹ́ ilẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Àǹtí já ọ̀bẹ náà sílẹ̀ lára ògiri.

"Ẹran Tīpene, ọ̀bẹ Tīpene ló máa pa á."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ wò ná. Ó ti pẹ́ nínú awọ."

"Yọ kí ni wò?"

"Bóyá ó ti dípẹtà. Kí n kàn pọ́n ọn díẹ̀—"

"Wētini! Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ ló pọ́n ọn kẹ́yìn. Ohun tó kù fún wa nìyẹn, ìwọ wá fẹ́ fi òkúta ha á dànù?"

"Kò tún ní irin ìdábùú, Àǹtí. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni Tīpene, èmi—"

"Pa ẹnu ẹ dé. Gbé apá sókè."

Wētini, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, gbé apá méjèèjì sókè bíi ẹni tí télọ̀ fẹ́ wọ̀n. Àǹtí so àkọ̀ náà mọ́ ọn níbàdí òsì, ó sì fi okùn pupa dì í lẹ́nu. Ó ní kò gbọdọ̀ tú u àfi tí ajá bá ti di ẹran mú. Wētini yọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò, níbi tí ọ̀bẹ tirẹ̀ gbé kọ́.

"Kí lò ń wò? Ọ̀bẹ méjì? Tīpene ò tó ọ ni?"

Ó gbé ojú kúrò.

Nínú mọ́tò, Kereama, ìbátan rẹ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, wo okùn pupa yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ọdẹ là ń lọ ni, àbí wọ́n fẹ́ fi yín fọ́kọ?"

"Wa mọ́tò ẹ."

"Ẹ tú u wò. Àǹtí ò sí níbí."

"Mo ti ṣèlérí."

"Òkè mẹ́ta ló wà láàárín wa àti Àǹtí!"

"Wọ́n á mọ̀," ni Wētini wí, ó sì dá a lójú pé wọ́n á mọ̀ lóòótọ́.

Aago mẹ́wàá ni àwọn ajá gbó nísàlẹ̀ ọ̀gbun. Wētini fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ewé tútù. Igi jíjẹrà kan yí tẹ̀lé e, ó sì fún ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àpáta. Bó ṣe wá rí nìyí: àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì, igi lẹ́yìn, àyè tó kù ò sì fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Iwájú ni ìmàdò wà. Tí mo bá ní ó tó mọ́tò, ẹ ó ní mo ń parọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sí mọ́tò tí wọ́n ti yọ táyà rẹ̀. Kutu, ọ̀kan nínú àwọn ajá, di etí rẹ̀ kan mú, Pīpī di ìkejì. Níwọ̀n ìgbà tí ajá méjèèjì bá ṣì dì í mú, Wētini wà láàyè. Kutu sì ti darúgbó.

Ó tú okùn pupa. Ó fa èèkù. Kò mì.

Ìbàdí òsì rẹ̀ ni àpáta fún mọ́, ó ní láti lọ́ ara kí ọwọ́ ọ̀tún tó lè tó o. Ó tún fà á. Ọdún kan gbáko ni ìpẹtà ti fi so irin àti awọ pọ̀, bí ẹni pé wọ́n bí wọn papọ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n!" Kereama ké látòkè. "Ṣé ẹ ti gún un?"

"Kò yọ!"

"Kí ni ò yọ?"

"Ọ̀bẹ!"

Kereama fa tirẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà: "Mò ń ju tèmi bọ̀!" Ọ̀bẹ Kereama fò wálẹ̀, ó kọjá lórí ìmàdò, ó sì já sínú omi lódì kejì. "Ṣó tẹ̀ yín lọ́wọ́?"

"Ó tẹ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́!"

"Ẹ dúró, mo ń yí ká bọ̀!"

Dúró. Ibo ni ì bá lọ? Ó gbìyànjú láti fa ẹsẹ̀ yọ, igi tún wọ̀ sí i. Èémí ìmàdò ń kọ lù ú lórúnkún, gbígbóná bíi ooru ìkòkò. Kutu yọ̀, ó tún dì í mú, ó tún yọ̀. Wētini gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Àǹtí, mo tọrọ gáfárà," ó sì fi ìdí àkọ̀ náà ha àpáta, ó ń ha á, ó ń ha á, títí òwú jíjẹrà ojú ìrán rẹ̀ fi já. Awọ là. Ọ̀bẹ pupa bí erùpẹ̀ jáde.

Ìmàdò gbọn Kutu dànù. Wētini gún un lẹ́yìn apá, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ wọlé dé ìdajì, ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró ní tiẹ̀; kò sí irin tó máa dá a dúró, ó yọ̀ kọjá èèkù bọ́ sójú ọ̀bẹ. Ó tún tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan ṣẹ́ nínú ẹran náà, ìmàdò jókòó bí àgbàlagbà tó rẹ̀, ó sì wó lé e láyà.

Ogún ìṣẹ́jú ni Kereama fi yí ká. Fún Wētini, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ òkú ẹran, tó ń gbọ́ omi tí kò rí, oṣù mẹ́ta ni.

Wọ́n ṣí òkúta Tīpene ní Sátidé láìsí Wētini níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, Àǹtí wọlé sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹran àti ọ̀dùnkún nínú abọ́. Ó wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Dókítà ti ní ìka méjì ò ní ká mọ́.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ, Àǹtí."

Àǹtí gbé abọ́ lé orí tábìlì. Ó fa àga súnmọ́ ibùsùn, ó gé ẹran náà wẹ́wẹ́, ó sì na ṣíbí sí i lẹ́nu.

"Ya ẹnu."

Ebi ò pa Wētini. Ó ya ẹnu.