Ọwọ́ Màmá Sùtánà

Ẹni tó bá gbé Okokomaiko láyé ìgbà tí mo ń sọ yìí yóò mọ Isaiah Ògúndìran, onífótò tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìba. Ilé kan náà la jọ ń gbé, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣe tí n kì í rí. Ẹni tó bá pè mí ní atojúbọ̀ kò parọ́ mọ́ mi.

Iṣẹ́ fótò ìgbà yẹn kò le. Wàá wọ aṣọ tó dáa jù nínú àpótí rẹ, wàá dúró ṣánṣán níwájú kọ́tìnì, fláàṣì á kọ yẹ̀rì sí ọ lójú, ó parí. Isaiah mọ ìyẹn ṣe dáadáa, kò sì rò pé ó ku nǹkan kan tí òun kò mọ̀, àfi ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Kí bàbá tó kú ló ti yà wọ́n ní fótò kan, nínú sùtánà funfun tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Fótò náà ni wọ́n lò fún pósítà ìsìnkú. Fláàṣì àti aṣọ funfun ti pàdé ara wọn: aṣọ ń tàn yanran, ojú bàbá sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri Ajangbadi níbi tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Àwọn tí bàbá máa ń kí láràárọ̀ ń kọjá lára ògiri, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé ta ló kú.

Èyí dun ìyá rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Aránṣọ ni wọ́n. Sùtánà àwọn ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń rán, débi pé kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wọn mọ́. Màmá Sùtánà ni gbogbo Ajangbadi ń pè wọ́n. Èyí tó wà lọ́rùn bàbá nínú pósítà, ọwọ́ wọn ló rán an. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pe Isaiah.

"Aṣọ tí mo rán ni mo rí lára ògiri," ni wọ́n wí. "Bàbá rẹ kò sí níbẹ̀. Tí èmi náà bá kú, ẹ ò ní lẹ aṣọ mọ́ ògiri kí ẹ máa pè é ní èmi. Má yà mí ní fótò láéláé."

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Onífótò tí kò ní fótò ìyá rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ wo ló fẹ́ kó jáde? Àmọ́ ìtìjú nìkan kọ́ ló ń jẹ Isaiah. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọ́n á lọ lọ́jọ́ kan, ojú wọn á sì parẹ́ bíi ti bàbá.

Ló bá gbé iṣẹ́ kan fún ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an, kò sẹ́ni tó fún un ní gbèdéke. Ó ní òun á máa ya ọwọ́ nìkan, láìlo fláàṣì, títí òun á fi mọ bí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ṣe ń bà lé ara èèyàn. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọwọ́. Ó ní ojú máa ń díbọ́n tó bá ti rí kámẹ́rà, ọwọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń díbọ́n. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìbànújẹ́ ti ń kan ọpọlọ rẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Àlàbí fọkanáísà ní kí ló fẹ́ fi ọwọ́ òun ṣe tí kò fẹ́ ojú òun. Obìnrin kan tó ń dín àkàrà nítòsí géètì yunifásítì gba fótò ọwọ́ rẹ̀ tán, ó tún ní kó lọ mú nẹ́gátíìfù, fíìmù tó fi tẹ̀ ẹ́, wá, nítorí ìdajì ọwọ́ òun ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Lásìkò yẹn, ìròyìn àwọn tó ń fi èèyàn ṣoògùn owó kún ìgboro. Nígbà tó di pé àwọn ọmọdé ń sá tí wọ́n bá ti rí i, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó di Ajangbadi.

Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọwọ́ wọn nìkan lòun fẹ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lẹ ọwọ́ mọ́ ògiri nítorí òkú, nítorí náà kò burú, ṣùgbọ́n àwọn ò ní dá iṣẹ́ dúró, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ àwọn kúrò lójú kan.

Báyìí ló ṣe di pé ní Sátidé tó bá ráyè, Isaiah á lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ náà lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn fótò àkọ́kọ́ tó gbé wálé, ńṣe ni wọ́n tún jọ pósítà bàbá: aṣọ funfun báláú, ọwọ́ dúdú bíi pé wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló rí i pé lára aṣọ lòun ti ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, aṣọ funfun sì ń tan òun jẹ. Ó wá ń wọn ìmọ́lẹ̀ lára ọwọ́ gan-an, ó ń ṣí ojú kámẹ́rà díẹ̀ sí i. Nítorí pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kúrò, òun ló ń yí ẹ̀rọ po, tí ń jókòó sílẹ̀, tí ń gun àpótí. Tí òjò bá ṣú, á pa dà wálé láìya nǹkan kan.

Ìyá rẹ̀ ń wo àwọn fótò náà. Isaiah ló ń ròyìn fún mi. Wọ́n á nu ọwọ́ wọn, wọ́n á gbé e sún mọ́ fèrèsé, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ kò hàn tó, wọ́n á dá a pa dà fún un. Á kó o relé pẹ̀lú ìbànújẹ́, á sì tún pa dà lọ. Ọdún yí po, ó ń lọ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé kan, ó bá ẹ̀rọ ní bíbò. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé nínú sùtánà tuntun. Ó mọ aṣọ náà. Ó ti ya ọwọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń rán an, ó rò pé ti oníbàárà ni.

"Lónìí, ya ojú," ni wọ́n wí.

Ohun tí Isaiah ti ń wá láti ìgbà ikú bàbá rẹ̀ ló dé yìí, kò sì fẹ́ ẹ mọ́, nítorí ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ó purọ́ pé òun ò tíì mọ̀ ọ́n yà, kí Màámi jẹ́ kó di ìgbà mìíràn.

"O ti mọ̀ ọ́n," ni wọ́n dáhùn. "Àpá abẹ́rẹ́ tó wà ní àtàǹpàkò mi, èmi fúnra mi ti gbàgbé ẹ̀. Inú fótò rẹ ni mo ti rí i. Ẹni tó rí àpá yẹn á rí ojú mi. Yà mí, Isaiah, kí n tó yí ọkàn pa dà."

Ó yà wọ́n. Ó ní ohun tí ọwọ́ wọn ti kọ́ òun nìkan lòun gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí omijé kò jẹ́ kí òun rí nǹkan kan.

Màmá Sùtánà tún lo ọdún mélòó kan sí i, wọ́n ń ránṣọ lọ. Fótò náà wà nínú àpótí wọn. Wọn ò fi han ẹnikẹ́ni, àní èmi tí mo tọrọ rẹ̀.

Mi ò tíì gbọ́ ìròyìn kankan láàárọ̀ tí mo lọ ra òwú ní Ajangbadi, ní 1994. Mo yà níkọ̀rọ̀ ilé wọn báyìí, mo rí Màmá tí wọ́n ń wò mí, sùtánà funfun lọ́rùn, gbogbo ìlà ojú wọn pé, wọ́n ṣe bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín àmọ́ tí ọ̀rọ̀ kan ṣì ń bí nínú. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà."

Ìgbà tí wọn kò dá mi lóhùn ni mo tó gbójú sókè ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fótò náà lára ògiri.